Bátìrì Wo Ni Kí N Rà?

Ìbéèrè: Bátìrì ọkọ̀ mi ti kú. Ní Kútọ̀, wọ́n fi 45Ah àti 75Ah hàn mí. Èwo ni kí n mú?
Òǹkàwé, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Ẹ wo Ah (ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà pamọ́) tó wà lára ti àtijọ́, kí ẹ ra irú rẹ̀. 75 kò ní ba ọkọ̀ jẹ́, àmọ́ ó lè má wọ ojú ibi tó ń jókòó sí. Èyí tí wọ́n máa ń gbàgbé ni ẹ̀gbẹ́ tí orí pọ́sítíìfù wà: bó bá wà ní òdìkejì, wáyà lè má dé e, ẹni tó bá sì ṣì í dè á sun fíùsì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi mítà wọ̀n ọ́n níṣojú yín. Èyí tó kún máa ń tó fóòtì 12.6; bí kò bá tó 12.4, ó ṣeé ṣe kó ti pẹ́ lórí igbá. Tòkunbọ̀? Ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Nẹ́gẹ́tíìfù ni kí rìwáyà kọ́kọ́ tú, òun náà ni kó dè kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ tan ọkọ̀: bí mítà kò bá tó 13.5, alternator (ẹ̀rọ tó ń fi iná kún bátìrì bí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́) ni kí ẹ yẹ̀ wò, torí yóò pa tuntun yìí náà.