Èsì: Orin Cream wo ni kí n kọ́kọ́ gbọ́?

Àbúrò, o ní Ginger Baker tó bá Fẹlá ṣeré lo mọ̀, o ò tíì gbọ́ Cream, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà tẹ́lẹ̀, rí. Há, ìgbádùn ń bẹ níwájú ẹ! Ẹni mẹ́ta péré ni wọ́n, Eric Clapton lórí gìtá, Jack Bruce ń ta béèsì ó tún ń kọrin, Baker nídìí ìlù, kálukú ti lórúkọ kí wọ́n tó pàdé ní 1966, àmọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ wàá rò pé èèyàn mẹ́wàá ni.

Sunshine of Your Love ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n White Room lèmi fẹ́ràn jù, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ yẹn, márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ka ìlù ẹ̀, kì í ṣe mẹ́rin mẹ́rin, àwa tá a ń gbọ́ dùndún n'Ífẹ̀ níbí láti kékeré, etí wa á tètè gbà á. Badge náà dáa, George Harrison, ti ẹgbẹ́ Beatles, bá Clapton kọ ọ́.

Toad ńkọ́? Èyí tí wọ́n ṣe láìfù, lójú èrò, nínú àwo orin wọn Wheels of Fire ni kó o wá, ìlù Baker ló gba gbogbo ẹ̀. Jọ̀ọ́ má fi fóònù gbọ́ ọ, wá sípíkà gidi.