Èsì: Ṣé òótọ́ ni pé òkété ń wá bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni o, òkété gangan! Àjọ kan tó ń jẹ́ APOPO ló ń kọ́ wọn ní Morogoro ní Tanzania, wọ́n sì ti lò wọ́n ní Mozambique àti Cambodia. Ẹ̀rọ tó ń wá irin máa ń ké sí gbogbo ìṣó àti páànù tó ti dípẹtà, ṣùgbọ́n òórùn TNT, ìyẹn ohun abúgbàmù tó wà nínú bọ́ǹbù, ni òkété ń wá ní tiẹ̀, ìyẹn ni iṣẹ́ ẹ̀ fi yá, ilẹ̀ tó tó pápá tẹníìsì, ìṣẹ́jú 30 péré, ẹni tó gbé ẹ̀rọ lè lo ọjọ́ 4 níbẹ̀. Òkété kò sì wúwo débi tí bọ́ǹbù á fi bú gbàmù tó bá tẹ̀ ẹ́. Òkété kan tó ń jẹ́ Magawa nìkan rí bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ 71 ní Cambodia! Tí òkété bá ti họ ilẹ̀ láti fi hàn pé bọ́ǹbù wà níbẹ̀ ṣá, èèyàn ló ṣì máa fọwọ́ gbẹ́ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn yẹn gan-an ni mo bọ̀wọ̀ fún jù.