Èsì: Iye olùdìbò Nàìjíríà àti Gánà, níbo ni a ti lè rí i?

Ẹ kú iṣẹ́ ìwádìí o. Ẹ béèrè ibi tí ẹ ti lè rí iye àwọn olùdìbò Nàìjíríà àti ti Gánà tó ṣeé gbára lé, kí ẹ lè fi wọ́n wéra. Ọ̀dọ̀ àjọ elétò ìdìbò orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó lọ wo àkójọ International IDEA, àjọ àgbáyé tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìdìbò àti ìjọba tiwantiwa, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Stockholm.

Ohun tó máa ń ṣi olùwádìí lọ́nà jù ni iye tí wọ́n fi pín ìbò láti mọ ìdá àwọn tó jáde dìbò. INEC ní olùdìbò tó forúkọ sílẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 93 fún ìdìbò ààrẹ 2023, ṣùgbọ́n ìbò tí wọ́n kà kò pé mílíọ̀nù 25. Bí ẹ bá fẹ́ fi gbogbo àgbàlagbà pín in, ẹ ó rí i pé ọdún 2006 ni Nàìjíríà ka ènìyàn kẹ́yìn, nígbà tí Gánà ka tirẹ̀ ní 2021. Nítorí náà, iye ènìyàn Nàìjíríà tó wà lórí ìkànnì Báńkì Àgbáyé, ìfojúbù àwọn onímọ̀ ni, kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni kà láti ojúlé dé ojúlé. Ó yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ kì í mẹ́nu bà á.

Ní ti èrò ará ìlú, Afrobarometer, àjọ tó máa ń ṣe ìwádìí èrò ará ìlú káàkiri Áfíríkà, tó; ọ̀fẹ́ ni, ó sì máa ń fi bí wọ́n ṣe béèrè ìbéèrè kọ̀ọ̀kan hàn.