Níbo Ni Kí N Ti Rí Àyè Eré Ìdárayá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń dáhùn ìbéèrè wa. Ẹni ọdún 43 ni mí, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta. Ìkòròdú ni mò ń gbé, Marina ní Erékùṣù Èkó ni ọ́fíìsì wa wà. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo ń jí. TBS (Tafawa Balewa Square), ní Erékùṣù Èkó náà, ni bọ́ọ̀sì ń já mi sí, n ó sì tún wọ ọkọ̀ mìíràn dé ibi iṣẹ́. Kí n tó padà délé, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù. Láàárín méjèèjì, orí ìjókòó ni mo ń wà. Lóṣù tó kọjá, dókítà wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní ó ti ń gòkè díẹ̀, kí n máa ṣe eré ìdárayá déédéé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti sanwó sí ilé eré ìdárayá, n kò lọ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ìfọṣọ àti ọjà ló ń gba Sátidé mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ṣíṣe? (Òṣìṣẹ́ Tó Ti Rẹ̀, Ìkòròdú)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làálàá, ìyá wa. Kì í ṣe ọ̀lẹ ni yín; ètò tí ẹ dáwọ́ lé ni kò bá ìgbé ayé yín mu. Ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ kò ní wákàtí kan tó ṣófo níbì kankan, ẹ má sì tìtorí eré ìdárayá bẹ̀rẹ̀ sí í jí ní aago mẹ́ta, nítorí àìsùn dáadáa pàápàá kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ríru lọ sílẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé dábàá pé kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú kí èémí yára díẹ̀, kí ó sì máa fi ọjọ́ méjì, ó kéré tán, ṣe èyí tó ń fún iṣan lágbára. Nínú ìmọ̀ràn ti ọdún 2010, ohun tí kò bá tó ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀kan náà kò sí nínú ìṣirò. Ní ọdún 2020, wọ́n yọ gbèdéke yẹn kúrò: ìṣẹ́jú mẹ́ta níhìn-ín, márùn-ún lọ́hùn-ún, gbogbo rẹ̀ ló ń wọlé. Ìròyìn ayọ̀ gidi nìyí fún irú yín, ó sì dùn mí pé kò tí ì dé etí ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ní ọdún 1953, oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Jeremy Morris tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní London. Inú ọkọ̀ kan náà ni awakọ̀ àti kọ̀ndọ́kítọ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àrùn ọkàn ń mú awakọ̀ tó ń jókòó látàárọ̀ dalẹ́ ju kọ̀ndọ́kítọ̀ tó ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè-sódò láti gbowó lọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí TBS jẹ́ òpin ọkọ̀ wíwọ̀ yín láàárọ̀. Ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ, kí bàtà gogoro wà nínú àpò, kí ẹ sì fẹsẹ̀ rìn dé Marina kí oòrùn tó mú, pẹ̀lú ìrìn ẹni tó ń lé nǹkan bá: kí ẹ lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ má lè kọrin. Bí ojú ọ̀nà bá ṣì mọ́lẹ̀ tí ènìyàn sì wà níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ tún un rìn padà. Bí òkùnkùn bá ti ṣú, ẹ wọkọ̀ o.

Ti iṣan kò le. Bí omi ẹ̀kọ ọmọ bá wà lórí iná, ẹ fa àga tí kò ní táyà ti ògiri, ẹ jókòó sétí rẹ̀, kí ẹsẹ̀ méjèèjì fẹ̀ tó èjìká, kí ẹ ká apá mọ́ àyà. Ẹ dìde láìfọwọ́ ti ohunkóhun, ẹ sì rọra padà sílẹ̀, kí ìdí ṣáà fara kan àga, kí ẹ má já lulẹ̀ gbì. Ẹ ṣe é nígbà 10, ẹ sinmi, ẹ tún ṣe 10. Ẹ má ṣe sé èémí mọ́nú bí ẹ bá ń dìde. Ó lè mú kí ìfúnpá fò sókè lójijì. Bí orúnkún bá ń dùn yín, ẹ gbé tìmùtìmù lé àga kí ó ga sí i.

Ẹ tún ti gbàgbé ohun kan: aṣọ tí ẹ ń fọwọ́ fọ̀ ní Sátidé, tí ẹ ń fún, tí ẹ ń gbé lọ sá, wà lára ohun tí dókítà ní kí ẹ máa ṣe, bó bá ti mú kí èémí yín yára.

Ẹ fi ìrìn nìkan bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó fi àga kún un. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí òyì ń kọ́ yín, ẹ dúró, kí ẹ sì lọ rí dókítà lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá ti fún yín lóògùn, ẹ máa lò ó lọ. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì padà lọ wọn ìfúnpá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n bí ẹ ṣe ń sáré bọ́ọ̀sì dé. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 ná.