Re: Ṣé ẹnì kan ló ń fọhùn Bugs Bunny àti Daffy Duck?

Àbúrò, ẹnì kan náà ni o, ìwọ lo jàre iyàn tẹ́ ẹ jà ní ṣọ́ọ̀bù bábà ní Tankẹ yẹn. Ọ̀fun Mel Blanc, ará Amẹ́ríkà, ni ohùn Bugs (ehoro), Daffy (pẹ́pẹ́yẹ) àti Porky Pig (ẹlẹ́dẹ̀) inú kàtúùnù Looney Tunes ti ń jáde.

Àmọ́ àwọn ti àtijọ́ ni mò ń wí o, torí 1989 ni bàbá yẹn kú, èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìyẹn ẹlòmíì ló wà níbẹ̀. Elmer Fudd, ọdẹ tó ń lé ehoro kiri yẹn, kì í ṣe tiẹ̀, Arthur Q. Bryan ló kọ́kọ́ ni ìyẹn.

Tó o bá fẹ́ fi hàn wọ́n:
1. Ní kí wọ́n dijú, etí nìkan ni kí wọ́n lò.
2. Gbé Daffy sí i, kó o wá gbé Sylvester, ológbò yẹn, tẹ̀ lé e. "S" ẹnu àwọn méjèèjì bí ẹni tutọ́ síni lójú ni, ohùn kan náà ni, wọ́n kàn mú ti Daffy yára ni.

Èyí tó pa mí jù ni pé mọ́tò forí gbá mọ́tò Mel Blanc ní 1961, kò mọ ibi tó wà fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n pè é pè é kò dáhùn, àfìgbà tí dókítà pè é ní Bugs Bunny ló fi ohùn ehoro dá a lóhùn! Inú P.O.P. tí wọ́n fi ń di eegun tó kán, lórí bẹ́ẹ̀dì náà, ló ti ń fọhùn Barney nínú kàtúùnù The Flintstones. Bẹ́ẹ̀ rèé, bọ̀dá mi kan l'Ọ́ffà tó máa ń sín Baba Sala jẹ, tí ọ̀fìnkìn bá ti mú un báyìí, ó ti gbàyè nìyẹn.