Tójú bá ń là láàárọ̀, tó tún ń bò nírọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o, mo rí ohun tẹ́ ẹ kọ pé ìpéǹpéjú ọ̀tún màmá ń wálẹ̀ àti pé oníkẹ́míìsì ní Àpólò ni, ó ti ta oògùn ojú fún yín. Àpólò kẹ̀? Ṣebí Àpólò máa ń pọ́n ojú ni. Èmi náà ti rí irú ẹ̀ rí, tòsì ni tèmi.

Iṣan tó ń gbé ìpéǹpéjú òkè, levator ni wọ́n ń pè é, ẹ̀yìn lọ́hùn-ún nínú ihò ojú ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba orí ẹyinjú wá síwájú, kó tó dé ìpéǹpéjú á ti di pẹlẹbẹ. Kékeré kan wà lábẹ́ ẹ̀, Müller, ìyẹn kàn ń fi bíi mílímítà 2 kún un ni. Orbicularis tó yíjú po ní tiẹ̀, pípa ojú dé niṣẹ́ ẹ̀.

Dókítà tó rí tèmi fi àtàǹpàkò tẹ irunjú mi mọ́lẹ̀ kí n má baà fi iwájú orí ràn án lọ́wọ́, ó ní kí n wolẹ̀, kí n wòkè, ó wá fi rúlà wọn bí ìpéǹpéjú ṣe rìn tó, ó ní tó bá ti ju mílímítà 12 lọ, levator ò bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí n tẹjú mọ́ òkè, kò pẹ́ lojú bá ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gbé yìnyín lé e fún mínítì 2, àfi bó ṣe là gbàà! Bí wọ́n ṣe fura sí myasthenia, àìsàn tó ń jẹ́ kí iṣan tètè rẹ̀, nìyẹn, kí wọ́n tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí wọ́n tún ya fọ́tò inú àyà. Nínú àìsàn yìí, àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ló ń dí iṣẹ́ tí nerve, okùn tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ kiri ara, ń rán sí iṣan lọ́nà.

Ẹ ya màmá ní fọ́tò láàárọ̀, kẹ́ ẹ tún yà wọ́n nírọ̀lẹ́. Tí kò bá yàtọ̀, tó ti pẹ́ tó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó lè jẹ́ ibi pẹlẹbẹ levator yẹn lọ́jọ́ orí ti jẹ́ kó dẹ̀, iṣẹ́ abẹ ń tún un ṣe. Àmọ́ tó bá jẹ́ òjijì, tí orí ń fọ́ wọn, tí ọmọlójú ẹ̀ fẹ̀ ju ìkejì lọ, ẹ gbé wọn lọ ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú nínú orí lè máa tẹ nerve tó ń darí levator. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí oúnjẹ bá ń há wọn lọ́fun tàbí tí èémí ò já gaara.

Pyridostigmine, oògùn myasthenia, ni mò ń lò, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n inú á máa kùn, tí dókítà bá fún màmá náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jẹun sí i. Kẹ́ ẹ sì jọ̀ọ́, títí wọ́n á fi yẹ̀ wọ́n wò, kẹ́nikẹ́ni má fún wọn ní cipro tàbí gentamicin, àwọn oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, láìbi dókítà, wọ́n lè mú myasthenia le sí i.