Ọlọ́pàá ní kí n wá nítorí ìròyìn tí mo kọ: ṣé kí n lọ?

Ìbéèrè: Lọ́yà wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Akọ̀ròyìn ni mí ní Abẹ́òkúta níbí. Mo gbé ìròyìn kan jáde nípa gọ́tà tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ tán fún agbaṣẹ́ṣe, àmọ́ tí ẹnikẹ́ni ò gbẹ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan ló fún mi ní ìwé ìsanwó náà. Nígbà tí mo padà lọ yàwòrán níbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, àwọn jàndùkú lù mí, wọ́n sì fọ́ kámẹ́rà mi. Lánàá, ẹnì kan pè mí pé ọlọ́pàá lòun, pé kí n wá ṣàlàyé, kí n sì mú fóònù mi dání. Ṣé kí n lọ? Ṣé wọ́n lè gba fóònù náà? Àwọn ará ilé mi ń bẹ̀ mí pé kí n yọ ìròyìn náà kúrò.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú ewu. Kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n ní kí o mú wá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ lo kọ, ìdí gọ́tà ni yóò lọ. Àmọ́ fóònù rẹ ni àwọn wọ̀nyí ń béèrè. Lójú tèmi, òṣìṣẹ́ tó fún ọ níwèé ni wọ́n ń wá, ìwọ ni wọ́n sì fẹ́ gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Má sá, má sì dá lọ. Sọ fún ẹni tó pè ọ́ pé kó fi ìwé ránṣẹ́, kí orúkọ rẹ̀, tẹ́ṣàn rẹ̀ àti ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn ọ́ wà nínú rẹ̀. Mú agbẹjọ́rò dání. Kí o tó kúrò nílé, jẹ́ kí olóòtú rẹ àti ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn, NUJ, ní ilé Ìwé Ìròyìn ní Òkè-Ìlèwó mọ tẹ́ṣàn tí o ń lọ àti aago tí o lọ. (Orúkọ ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ nílẹ̀ yìí, tó jáde ní ìlú wa ní 1859, ni ilé yẹn ń jẹ́.) Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ èyí ni pé ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ọlọ́pàá mú Daniel Ojukwu, akọ̀ròyìn FIJ, àjọ tó ń ṣe ìròyìn ìwádìí, ní Èkó, wọ́n sì gbé e lọ sí Àbújá. Àwọn èèyàn rẹ̀ ò kọ́kọ́ mọ ibi tó wà. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan kó tó jáde.

Tí o bá dé tẹ́ṣàn, abala 35 ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ni kí o dì mú. O lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ títí o fi máa bá agbẹjọ́rò rẹ sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá mú ọ, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ fún ọ láàárín wákàtí 24, ní èdè tí o gbọ́. Tí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti fi gbé ọ dé iwájú adájọ́, ilé ẹjọ́ sì wà nínú Abẹ́òkúta níbí. Nítorí náà, tí wọ́n bá ní kí o wá ní ọjọ́ Ẹtì, ní kó di ọjọ́ Ajé. Ẹni tí wọ́n bá tì mọ́lé ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì lè sùn mọ́jú ọjọ́ Ajé kí adájọ́ tó jókòó. Tí wọ́n bá kọjá àkókò tí òfin fún wọn, agbẹjọ́rò rẹ lè gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́ gíga lábẹ́ abala 46. Ẹlòmíràn tilẹ̀ lè pe ẹjọ́ náà nítorí rẹ nígbà tí o ṣì wà ní àhámọ́.

Ní ti fóònù, fi í sílẹ̀ ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò rẹ. Ìpè lásán kò sọ pé kí èèyàn kó ẹrù rẹ̀ wá. Abala 37 dáàbò bo ìwé rẹ àti ọ̀rọ̀ orí fóònù rẹ, òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ sì ní kí ọlọ́pàá lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́ kó tó wá ẹ̀rí inú ẹ̀rọ. Àmọ́ tí àṣẹ adájọ́ bá dé, má pa ohunkóhun rẹ́, nítorí ẹ̀sùn tuntun nìyẹn.

Kò yẹ kí n tàn ọ́ lórí orúkọ òṣìṣẹ́ yẹn. Nígbà tí Ilé Aṣòfin Àgbà pe Tony Momoh, olóòtú Daily Times, ilé ẹjọ́ gíga ní Èkó dá a láre ní 1981 pé kò pọn dandan kó sọ ẹni tó fún un ní ìròyìn. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí ìdájọ́ yẹn padà lẹ́yìn náà. Òfin iṣẹ́ yín ní kí ẹ má tú irú ẹni bẹ́ẹ̀ síta, àmọ́ òfin ilẹ̀ wa ò tíì nípọn tó láti bò ó pátápátá. Nítorí náà, láti òní lọ, má tọ́jú orúkọ irú èèyàn bẹ́ẹ̀ sórí fóònù rárá. Òṣìṣẹ́ yẹn fi iṣẹ́ oúnjẹ rẹ̀ wewu fún gbogbo wa.

Wọ́n lè fi abala 24 òfin íntánẹ́ẹ̀tì yẹn halẹ̀ mọ́ ọ. Ilé ẹjọ́ ECOWAS ti ní kò bá ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn mu ní 2022, ìjọba wa sì tún un ṣe ní 2024. Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe, irọ́ tí èèyàn mọ̀ pé irọ́ ni, tó sì fi ránṣẹ́ láti dá rògbòdìyàn sílẹ̀ tàbí láti fi ẹ̀mí ẹni sínú ewu, ló kù ní apá àkọ́kọ́ rẹ̀. Ìwé ìsanwó tó wà lọ́wọ́ rẹ ni yóò gbà ọ́. Ẹ̀sùn ìbanilórúkọjẹ́ ṣì wà nínú òfin ọ̀daràn, nítorí náà gbólóhùn tí o ò lè fi ìwé gbè lẹ́yìn, jẹ́ kí agbẹjọ́rò rẹ rí i.

Má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwọn jàndùkú wọlẹ̀. Lọ gba ìwé dókítà lónìí, tọ́jú kámẹ́rà tó fọ́, kí o sì kọ ìwé ẹ̀sùn sí ọ̀gá ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ní Eléwéẹran. Gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ lé. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá pàṣẹ, nínú ẹjọ́ tí Media Rights Agenda, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn akọ̀ròyìn, pè, pé kí ìjọba wá àwọn tó ń kọlu akọ̀ròyìn rí, kí wọ́n sì fojú wọn ba ilé ẹjọ́. Tọ́ka sí ìdájọ́ yẹn nínú ìwé rẹ.

Ní ti ẹ̀bẹ̀ àwọn ará ilé rẹ, ó yé mi. Àmọ́ tí o bá yọ ìròyìn náà, ẹni tó kó owó gọ́tà jẹ yóò sọ pé o ti gbà pé irọ́ ni. Tí àṣìṣe kan bá wà níbẹ̀, tún ibẹ̀ ṣe ní gbangba, kí o sì fi ìyókù sílẹ̀.